Ọgbẹ́ Iṣẹ́ Abẹ àti Bí Ó Ti Ń Jinná

Nígbà tí ìkórè bá parí, tí ọwọ́ àgbẹ̀ sì dilẹ̀ díẹ̀, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa rántí àìlera tí wọ́n ti ń fara dà láti ìgbà òjò wá. Ẹni tí ó ní ìpá a lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n lè bá a ṣe é; ẹni tí gẹ̀gẹ̀ ń dà láàmú a lọ; ẹni tí kókó kan yọ sí lẹ́yìn a lọ pẹ̀lú. Nítorí náà ó tọ́ kí a fi ojú ewé yìí sọ̀rọ̀ lórí ọgbẹ́ tí ọ̀bẹ dókítà ń dá sí ara ènìyàn, kí a mọ oríṣi tí ó wà, kí a sì mọ bí ó ti ń jinná. Ọjọ́ díẹ̀ ni aláìsàn ń lò lọ́dọ̀ dókítà, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ni ọgbẹ́ náà fi ń jinná ní ilé, lábẹ́ ọwọ́ àwa fúnra wa.

Ọ̀ràn kan wà tí ó máa ń dá aáwọ̀ sílẹ̀ láàrin ẹbí aláìsàn àti àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn. Ẹ jẹ́ kí a wí pé a gbé ọkùnrin méjì wọlé ní ọjọ́ kan náà, dókítà sì la ikùn àwọn méjèèjì. Ti ẹni ìṣáájú, ó rán an pa, ó fi aṣọ funfun bò ó. Nígbà tí ó di ọjọ́ kẹjọ, ó yọ òwú rẹ̀, ó sì ní kí ó máa lọ sí ilé ní àlàáfíà. Ti ẹnì kejì, ó rán ẹran inú lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n ó fi awọ òde sílẹ̀ ní ṣíṣí, ó sì fi aṣọ tí a rì sínú omi oníyọ̀ dí ojú rẹ̀. Àwọn ẹbí ẹnì kejì yìí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé, "Kí ni a ṣe tí wọn kò rán tiwa? Àbí owó wa ni kò pé?" Bí ìbínú bá sì mú wọn gbé ènìyàn wọn kúrò, tí wọ́n sì rí ẹni tí yóò bá wọn pa ojú ọgbẹ́ náà dé, ọyún yóò sé mọ́ inú rẹ̀, ó sì lè gba ẹ̀mí rẹ̀. Dókítà kò ṣe ojúsàájú. Ọgbẹ́ méjèèjì kì í ṣe oríṣi kan náà ni, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà tí wọn yóò gbà jinná kì í ṣe ọ̀kan.

BÍ ARA TI Ń DÍ ỌGBẸ́ RẸ̀

Ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀ ni pé dókítà kì í so ẹran ara pọ̀. Ara ni ó ń so ara rẹ̀. Ẹ wo igbá tí ó sán. Àwọn tí ń rán igbá a lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí ó sán, wọn a sì fi okùn fà á pọ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, okùn nìkan ni ó mú igbá náà dúró. Bí okùn bá já lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, igbá náà tún di méjì. Ọgbẹ́ ènìyàn kò rí bẹ́ẹ̀. Òwú tí dókítà fi rán an kàn ń bá ètè ọgbẹ́ méjèèjì di ara wọn mú fún ìgbà díẹ̀ ni, títí ẹran tí ó wà láàyè yóò fi di ara rẹ̀ mú. Lẹ́yìn èyí a lè yọ òwú náà sọnù.

Iṣẹ́ mẹ́rin ni ara ń ṣe, ọ̀kan ń tẹ̀ lé èkejì.

Ìkínní ni dídá ẹ̀jẹ̀ dúró. Bí ọ̀bẹ bá ti kọjá, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké a fún pọ̀, ẹ̀jẹ̀ a sì dì ní ojú ibẹ̀ láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ dídì yìí ni afárá àkọ́kọ́ tí ètè ọgbẹ́ méjèèjì fi pàdé.

Ìkejì ni gbígbá ilẹ̀ mọ́. Láti ọjọ́ kìíní títí di bí ọjọ́ kẹrin, àwọn ẹ̀yà funfun tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ a jáde wá sí ojú ọgbẹ́, wọn a máa jẹ kòkòrò àrùn àti ẹran tí ó ti kú. Ní àkókò yìí ojú ọgbẹ́ a pọ́n díẹ̀, a wú díẹ̀, a lọ́ wọ́ọ́rọ́, a sì máa dunni. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fòyà nítorí èyí, bí ó bá ti ń dín kù lójoojúmọ́. Nínú ọgbẹ́ tí a rán dáadáa, awọ fẹ́lẹ́ a ti bo ojú rẹ̀ láàrin wákàtí 24 sí 48. Ìdí rẹ̀ nìyí tí dókítà fi máa ń pàṣẹ pé kí a má ṣe ṣí aṣọ àkọ́kọ́ kí ọjọ́ 2 tó pé, àyàfi bí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi bá rin ín.

Ìkẹta ni kíkọ́ ohun tuntun. Bẹ̀rẹ̀ láti bí ọjọ́ kẹrin títí di bí ọ̀sẹ̀ kẹta, ara a máa hun okùn tín-ín-rín kan tí àwọn oníṣègùn ń pè ní kọ́lájìn, iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun a sì máa hù wọ àárín rẹ̀. Nínú ọgbẹ́ tí a kò rán, ojú wa a máa rí iṣẹ́ yìí: ẹran pupa tútù ni, ojú rẹ̀ rí ṣágiṣàgi, ó sì máa ń ṣẹ̀jẹ̀ bí a bá fọwọ́ kàn án. Ẹran rere ni. Ẹni tí ó bá há a kúrò, tí ó ní òun ń fọ egbò, ilé tí ń lọ sókè ni ó ń wó lulẹ̀.

Ìkẹrin ni títún un ṣe. Láti ọ̀sẹ̀ kẹta lọ, fún ọdún 1 tàbí jù bẹ́ẹ̀, ara a máa tú okùn tí ó fi ìkánjú hun, a sì máa tún un hun kí ó lè yi. Àpá tí ó pọ́n tí ó sì le tẹ́lẹ̀ a máa ṣá, a máa rọ̀, a sì máa tẹ́.

BÍ A TI MỌ ỌTÁ ỌGBẸ́

Ní ayé àtijọ́, ẹni tí ó bá bọ́ lọ́wọ́ ọ̀bẹ dókítà kò tí ì bọ́ lọ́wọ́ ọyún. Ọ̀pọ̀ ni iṣẹ́ abẹ wọn dára, tí wọ́n sì kú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 1 tàbí 2, nítorí pé ọgbẹ́ wọn kẹ̀. Àwọn dókítà ìgbà náà kì í fọ ọwọ́ wọn láti orí aláìsàn kan dé òmíràn, nítorí wọn kò mọ̀ pé ọwọ́ wọn ni ó ń gbé ikú kiri. Nígbà náà ni Louis Pasteur, ará ilẹ̀ Faransé, fi hàn pé àwọn ohun alààyè tí ojú kò lè rí ni ó ń mú kí wáìnì àti wàrà kan, gẹ́gẹ́ bí ẹmu wa ti máa ń kan bí ó bá sùn. Joseph Lister, dókítà kan ní ìlú Glasgow ní ilẹ̀ Scotland, ka ọ̀rọ̀ yìí, ó sì rò ó pé bí kòkòrò bá lè ba wáìnì jẹ́, ó lè ba ẹran ara jẹ́ pẹ̀lú.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1865, a gbé ọmọkùnrin ọlọ́dún 11 kan tí ń jẹ́ James Greenlees wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ẹrù ti gun orí ẹsẹ̀ ọmọ náà, egungun ti ṣẹ́, awọ ibẹ̀ sì ti ya. Gígé ni wọ́n sábà ń gé irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní ìgbà náà. Lister rẹ aṣọ sínú oògùn apakòkòrò kan tí ń jẹ́ carbolic acid, ó sì fi bo ojú ọgbẹ́ náà. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ 6, egungun ti so, ọgbẹ́ sì ti jinná láìsí ọyún. Ó tẹ ọ̀rọ̀ náà jáde ní ọdún 1867. Lónìí a kì í da oògùn náà sí ojú ọgbẹ́ mọ́, nítorí ó máa ń jó ẹran; dípò rẹ̀, à ń se ọ̀bẹ, aṣọ àti òwú nínú ooru gbígbóná kí kòkòrò tó kàn wọ́n, dókítà sì ń fọ ọwọ́, ó sì ń wọ ìbọ̀wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà kò yí padà: bí a kò bá jẹ́ kí ìdọ̀tí wọlé, ara yóò parí iṣẹ́ rẹ̀.

ORÍṢI MẸ́RIN TÍ Ó WÀ

Ní ọdún 1964, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà pín ọgbẹ́ iṣẹ́ abẹ sí oríṣi 4, ìpín náà ni àwọn oníṣègùn sì ń tẹ̀ lé ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ títí di òní. Ẹ kíyèsí i pé kì í ṣe gígùn tàbí jíjìn ọgbẹ́ ni wọ́n fi pín in, bí kò ṣe ìdọ̀tí tí ó wà nínú rẹ̀.

Èkínní ni ọgbẹ́ mímọ́. Dókítà la awọ tí kò ní àrùn, kò sì dé inú ìfun, tàbí àpò ìtọ̀, tàbí ọ̀nà èémí. Irú rẹ̀ ni iṣẹ́ ìpá tí kò tí ì fún, tàbí gẹ̀gẹ̀. Nínú irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ 100, èyí tí yóò kẹ̀ kì í sábà ju 5 lọ ní ilé ìwòsàn tí ó wà ní mímọ́.

Èkejì ni ọgbẹ́ mímọ́ tí ó kan ibi tí kòkòrò ń gbé. Nínú ìfun, nínú ọ̀nà ọmọ àti nínú ọ̀nà èémí wa, kòkòrò kì í ṣàìsí, bí ara tilẹ̀ le. Bí dókítà bá ṣí ọ̀kan nínú wọn pẹ̀lú ètò, tí ohun inú rẹ̀ kò sì dànù, oríṣi kejì nìyí. Iṣẹ́ abẹ tí a fi ń gba ọmọ jáde kúrò nínú ìyá rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ irú èyí. Nítorí náà ni a ṣe ń fún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ apakòkòrò kí ọ̀bẹ tó kan ara rẹ̀, kí oògùn ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ de kòkòrò.

Ẹ̀kẹta ni ọgbẹ́ tí ìdọ̀tí ti wọ̀. Àdá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sá àgbẹ̀ ní ojúgun nínú oko jẹ́ irú èyí, nítorí àdá náà ti kan ilẹ̀, ó sì ti kan koríko. Bákan náà ni iṣẹ́ abẹ tí ohun inú ìfun ti dà sí inú ikùn nígbà tí a ń ṣe é lọ́wọ́.

Ẹ̀kẹrin ni ọgbẹ́ tí àrùn ti gbilẹ̀ nínú rẹ̀ kí ọ̀bẹ tó débẹ̀. Irú rẹ̀ ni èéwo ńlá tí a là, tàbí ọgbẹ́ àdá tí a fi ewé dì fún ọjọ́ mélòó kan títí ẹran rẹ̀ fi kú, tàbí ìfun tí ibà jẹ̀funjẹ̀fun, èyí tí a ń pè ní táífọ́ọ̀dù, ti lu. Bí a bá rán awọ irú èyí pa lójú ẹsẹ̀, ó lè ju 1 lọ nínú 4 tí yóò kẹ̀.

Nísinsìnyí ìtàn ọkùnrin méjì wa ti yé wa. Ẹni ìṣáájú ní ìpá. Ọgbẹ́ mímọ́ ni tirẹ̀. Ẹnì kejì ni ibà ti lu ìfun rẹ̀, ìgbẹ́ sì ti dà sínú ikùn rẹ̀. Dókítà tí ó fi awọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣí ń gba ẹ̀mí rẹ̀ là ni.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun mìíràn pẹ̀lú. Ìpá tí a ṣe ní ìgbà tí kò dunni jẹ́ ọgbẹ́ mímọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá fi í sílẹ̀ títí ìfun fi há sínú rẹ̀, tí ó fún, tí ó sì kú, ọgbẹ́ kan náà yóò bọ́ sí oríṣi kẹta tàbí ẹ̀kẹrin. Ìdádúró ni ó ń sọ ọgbẹ́ rere di búburú.

Ọ̀NÀ MẸ́TA TÍ ỌGBẸ́ Ń GBÀ DÍ

Ọ̀nà kìíní ni kí a fi ètè kan ètè kí a sì rán an. Èyí ni ó yá jù, àpá rẹ̀ sì tín-ín-rín. Òun ni a ń lò fún ọgbẹ́ mímọ́ àti fún púpọ̀ nínú oríṣi kejì. A sábà ń yọ òwú ojú ní ọjọ́ 3 sí 5, nítorí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ níbẹ̀. Ti ikùn ní ọjọ́ 7 sí 14. Ti ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ní ọjọ́ 10 sí 14.

Ọ̀nà kejì ni kí a fi ojú rẹ̀ sílẹ̀ kí ó kún láti ìsàlẹ̀ wá sókè. Ẹran pupa tí a ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò máa hù láti ìdí ihò náà, ètè rẹ̀ yóò máa súnmọ́ ara wọn, awọ yóò sì máa ti ẹ̀gbẹ́ wá bò ó. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ó sì lè gba oṣù. Ohun tí a ń bẹ̀rù níhìn-ín ni kí òkè dí kí ìsàlẹ̀ tó kún, nítorí ọyún yóò fi abẹ́ rẹ̀ ṣe ilé. Ìdí nìyí tí nọ́ọ̀sì fi ń fi aṣọ sínú ihò náà lójoojúmọ́: ó ń di ilẹ̀kùn mú kí ó má tì kí àwọn ará ilé tó wọlé tán.

Ọ̀nà kẹta ni kí a fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, kí a wò ó, kí a sì wá rán an nígbà tí ó bá ti mọ́. Ogun Ńlá ti ọdún 1914 sí 1918 ni ó fi ìdí èyí múlẹ̀, àgbẹ̀ ni yóò sì tètè mọ ìdí rẹ̀. Ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù àti ní apá àríwá ilẹ̀ Faransé, inú oko ni wọ́n ti jà, oko tí a ti ń fi ìgbẹ́ ẹṣin àti ti màlúù ṣe ajílẹ̀ rẹ̀ láti ìrandíran. Kòkòrò tí ń mú ẹran ara kú àti èyí tí ń mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ dì pa, tí a ń pè ní tẹ́tánọ́ọ̀sì, kún inú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọta ìbọn a gbé erùpẹ̀ àti aṣọ ẹlẹ́gbin wọ inú ẹran lọ. Àwọn dókítà tí wọ́n rán irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ pa lójú ẹsẹ̀ rí i pé ẹran a wú, afẹ́fẹ́ a máa ru nínú rẹ̀, ọmọ ogun a sì kú. Nígbà náà ni wọ́n kọ́ láti gé ẹran tí ó ti kú kúrò, kí wọ́n fi ojú ọgbẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì rán an lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan bí kò bá ní àrùn. Títí di òní, bí bí ọjọ́ 3 sí 5 ni a sábà ń dúró.

Bí àdá bá ṣá ènìyàn lóko, kí ó fi omi mímọ́ àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ púpọ̀, kí ó fi aṣọ mímọ́ dì í, kí ó sì yára lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì bí ó bá yẹ. Bí wọn kò bá rán an lójú ẹsẹ̀, kí ó rántí oko ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, kí ó sì ní sùúrù.

AGBÁRA ỌGBẸ́ TÍ Ó JINNÁ

Àwa tí a ti mọ ògiri amọ̀ rí mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kì í mọ ọ́n dé òkè ní ọjọ́ kan. A ó mọ ìpele kan, a ó jẹ́ kí ó gbẹ, kí a tó gbé òmíràn lé e. Ojú ògiri lè gbẹ nígbà tí inú rẹ̀ ṣì tutù. Ẹni tí ó bá fara tì í yóò bá a wó. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọgbẹ́ tí a rán. Ní òpin ọ̀sẹ̀ kìíní, nígbà tí awọ rẹ̀ ti dí tí ojú rẹ̀ sì lẹ́wà, agbára rẹ̀ kò tíì tó 10 nínú 100 agbára awọ tí a kò fọwọ́ kàn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó tó bí 20. Ní oṣù kẹta, ó lè tó bí 80, kì í sì í sábà kọjá ibẹ̀ títí ayé.

Nítorí náà àgbẹ̀ tí a ṣe ìpá fún, tí ó sì padà sí ìdí ebè ní ọ̀sẹ̀ kejì nítorí pé kò dùn ún mọ́, òwú nìkan ni ó gbẹ́kẹ̀ lé. Ìpá náà lè tún yọ, iṣẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì a sì máa ṣòro ju ti ìṣáájú lọ. Ọ̀pọ̀ dókítà a máa sọ pé kí a má gbé ẹrù wúwo, kí a má sì kọ ebè, fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 lẹ́yìn iṣẹ́ ìpá, àti ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ bí a bá la ikùn gbòòrò. Kí ẹni tí iṣẹ́ oko bá ń lé bẹ ẹbí àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí kò wí pé kí ó máa sùn lórí ẹní. Rírìn díẹ̀díẹ̀ láti ọjọ́ kìíní tàbí ìkejì dára fún ẹ̀jẹ̀, ó dára fún èémí, ó sì ń mú kí inú ṣiṣẹ́.

OHUN TÍ Ń DÁ ỌGBẸ́ DÚRÓ

Ebi ni èkínní. Ara kò lè fi òfo mọ ògiri. Àṣà kan wà ní ilé mìíràn pé kí ẹni tí a ṣe iṣẹ́ abẹ fún má ṣe jẹ ẹran, tàbí ẹyin, tàbí ẹ̀wà, kí egbò rẹ̀ má bàa ké ọyún. Àṣà yìí ń pa ni lára. Nínú ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín, ẹyin, ẹja, ẹran àti ẹ̀pà ni ara ti ń rí ohun tí yóò fi hun okùn rẹ̀. Nígbà tí dókítà bá ti gbà kí a jẹun, kí a fún un ní wọn.

Èso àti ewébẹ̀ tútù ni èkejì. Ní ọdún 1740 sí 1744, Anson, ọ̀gágun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, fi ọkọ̀ òkun yí ayé ká. Àìrí èso àti ewébẹ̀ jẹ mú kí àìsàn wọ inú ọkọ̀ náà. Àkọsílẹ̀ ìrìn àjò náà wí pé ọkùnrin kan wà láàrin wọn tí ó ti fara gbọgbẹ́ ní ogun Boyne ní ilẹ̀ Ireland, èyí tí ó ti lé ní ọdún 50 sẹ́yìn. Ọgbẹ́ tí ó ti jinná láti ìgbà èwe rẹ̀ tún ṣí sílẹ̀, bí ẹni pé kò jinná rí. Èyí kọ́ wa pé àpá pàápàá kì í ṣe ohun òkú. Ara ń tún un hun lójoojúmọ́, fítámì C tí ó wà nínú ọsàn, ìbẹ́pẹ, ata àti ewébẹ̀ tútù sì wà lára ohun èlò rẹ̀.

Àìsàn ìtọ̀ ṣúgà ni ẹ̀kẹta. Ó máa ń mú ẹ̀yà funfun inú ẹ̀jẹ̀ rọ, ọgbẹ́ kékeré a sì pẹ́. Kí ẹni tí ó ní in sọ fún dókítà kí ọjọ́ iṣẹ́ tó pé. Sìgá ni ẹ̀kẹrin: ó máa ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀, èémí rere kò sì ní í dé ojú ọgbẹ́. Ẹni tí ó bá lè fi í sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 4 ṣáájú iṣẹ́ náà ti ran ara rẹ̀ lọ́wọ́. Kí ó wẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ pẹ̀lú, kí ó má sì fi abẹ fá irun ibi tí a ó là kí ó tó lọ, nítorí ojú abẹ a máa dá ọgbẹ́ wẹ́wẹ́ tí kòkòrò ń gbà wọlé.

ÌTỌ́JÚ NÍ ILÉ

Kí ẹni tí yóò fọwọ́ kan ọgbẹ́ fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ọwọ́ rẹ̀ ṣáájú àti lẹ́yìn. Kí ó lo aṣọ mímọ́ tí ilé ìwòsàn fún un, kí ó sì pààrọ̀ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí nọ́ọ̀sì ti kọ́ ọ. Kí a má ṣe fi eérú, epo pupa, epo ọkọ̀, ìtọ̀, ìgbẹ́ màlúù tàbí ewé gígún sí i. Kí a má ṣe tú ìyẹ̀fun inú oògùn gbígbé mì sí ojú rẹ̀. Kí a má ṣe fi omi gbígbóná jó o, bẹ́ẹ̀ ni kí a má ṣe da oògùn líle tí a fi ń fọ ilẹ̀ lé e lórí.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé oòrùn àti afẹ́fẹ́ ni kí a fi gbẹ egbò. Ní ọdún 1962, George Winter dán èyí wò lára àwọn ẹlẹ́dẹ̀. Ó bo ojú ọgbẹ́ kan kí ó lè wà ní tútù, ó sì fi òmíràn sílẹ̀ kí ó gbẹ kí ó sì ní èépá. Awọ bo èyí tí ó tutù ní ìlọ́po méjì bí ó ti yára bo èyí tí ó gbẹ. Nítorí náà, bí nọ́ọ̀sì bá bo egbò tí a kò rán, kí a má ṣe ṣí i fún eṣinṣin àti eruku nítorí kí ó lè gbẹ.

Bí a bá rí ọ̀kan nínú àwọn àmì wọ̀nyí, kí a má ṣe dúró di ọ̀la kí a tó padà sí ilé ìwòsàn: bí ìrora bá ń pọ̀ sí i lẹ́yìn ọjọ́ kẹta dípò kí ó máa dín kù, bí pípọ́n tàbí wíwú bá ń tàn kálẹ̀, ojú aláwọ̀ dúdú a sì mọ̀ ọ́n nípa gbígbóná àti líle ju pípọ́n lọ, bí ọyún tàbí omi tí ń rùn bá ń jáde, bí ibà bá mú aláìsàn, bí ètè ọgbẹ́ bá là, bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá ń le. Bí omi pupa bá ṣàdédé tú jáde láti ojú ọgbẹ́ ikùn, tàbí tí ìfun yọ, kí a fi aṣọ mímọ́ tí a rì sínú omi tí a ti sè tí ó sì ti tutù bò ó, kí a má ṣe tì í padà, kí a má fún un ní oúnjẹ, kí a sì gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Ọgbẹ́ lè kẹ̀ títí di ọjọ́ 30 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, nítorí náà kí a má tètè dẹ ojú sílẹ̀.

Ní ti àpá, àwa aláwọ̀ dúdú a máa ní irú èyí tí ó ń wú kọjá ojú ọgbẹ́, pàápàá ní etí, ní àyà àti ní èjìká. Kì í ṣe ọyún, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọ̀tá; ara tí ń hun okùn rẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ ni. Ẹni tí irú rẹ̀ ti yọ sí lára rí, kí ó fi han dókítà kí a tó la ibòmíràn. Kí a má sì fi abẹ gé e kúrò ní ilé, nítorí èyí tí yóò hù padà lè tóbi ju ti ìṣáájú lọ.

Àwọn baba wa wí pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Nígbà tí ẹ bá tún jókòó ti ibùsùn ẹni yín ní ilé ìwòsàn, tí ẹ sì rí i pé a rán ti aládùúgbò rẹ̀ ṣùgbọ́n a fi tirẹ̀ sílẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà pé, "Oríṣi wo ni ọgbẹ́ yìí? Ọ̀nà wo ni yóò gbà dí? Ọjọ́ wo ni a ó pààrọ̀ aṣọ rẹ̀, ọjọ́ wo ni ó sì lè padà sí oko?" Kí ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, kí ẹ sì fi ọjọ́ tí ó dá fún ìpadàbọ̀ sàmì sí ara ìwé àlìmánáàkì yìí.